Iṣẹ́ Abẹ Ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí Àtàǹpàkò

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú Wa

Àwa tí ẹ yàn sí Ìgbìmọ̀ Ìlera, dókítà méjì, nọ́ọ̀sì kan àti olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ẹ ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán yìí. Ní ọdún tí ó kọjá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Alága kéde lẹ́ẹ̀kan pé àtàǹpàkò ni ọ̀rọ̀ ti ọdún yìí, a rí àwọn kan nínú yín tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu. A kò bá yín bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyèsí i pé àtàǹpàkò wà lára ọwọ́ tí ẹ fi bo ẹnu náà.

Kí ẹ tó dé ibí yìí ní òní, ẹ ti fi àtàǹpàkò de bọ́tìnì, ẹ ti fi yí kọ́kọ́rọ́ nínú ìlẹ̀kùn, ẹ ti fi ka owó fún onímọ́tò. Ẹni tí ó jẹ iyán fi í tẹ òkèlè kí ó lè gba ọbẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń fi ìko di àdìrẹ, àwọn tí ń bó ẹ̀gúsí, àwọn onídìrí, àwọn aránṣọ, àwọn ahunṣọ, gbogbo wọn ni àtàǹpàkò ń bọ́. Ní ọjọ́ ìdìbò pàápàá òun ni a fi ń tẹ̀ka. Àwọn baba wa wí pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ẹ fi ìka mẹ́rin nìkan di èkù idà mú, ẹ ó rí i bí yóò ti yọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí ni lẹ́tà kan tí ó ti ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù wá sọ́dọ̀ Akọ̀wé Àgbà. Ọmọ ìlú wa kan ni ó kọ ọ́, aránṣọ tí ó ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ogún ọdún lọ. A kì yóò dárúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gbà wá láyè láti sọ ìtàn rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tí ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ara tù ú fún oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ìrora padà, kò sì lè fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ tí ó nípọn mọ́. Nígbà tí ó di ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, dókítà mìíràn sọ fún un pé a lè tún un ṣe. Ó wá kọ̀wé sí wa pé, kí ni ẹ̀yin ará ilé rí sí i? Ó sì bèèrè bóyá Àpò Ìrànlọ́wọ́ Ẹgbẹ́ lè bá òun san owó ilé fún oṣù mẹ́ta tí òun kì yóò fi lè ránṣọ. Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ náà ni. Oúnjẹ àti ilé ni ó ń bà á lẹ́rù.

Ẹ ó rántí àríyànjiyàn tí lẹ́tà yìí dá sílẹ̀. Apá kan ní iṣẹ́ abẹ tí ó kùnà lẹ́ẹ̀kan yóò tún kùnà, wọ́n ní kí ó wá sílé kí àwọn tí ń to eegun fi ọwọ́ bà á. Apá kejì ní ohun tí dókítà òyìnbó bá ti sọ, abẹ gé e. Ẹgbẹ́ ní kí àwa lọ wádìí kí a tó ná kọ́bọ̀ kan. A wádìí, a sì rí i pé apá méjèèjì ni kò tọ̀nà tán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àrùn náà wà. Ní ìdí àtàǹpàkò, níbi tí ó ti pàdé ọrùn ọwọ́, egungun kékeré kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní trapezium. Orí rẹ̀ tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gàárì ẹṣin, egungun gígùn àtàǹpàkò sì jókòó lé e bí ẹlẹ́ṣin. Nítorí irú ìjókòó yìí ni àtàǹpàkò fi lè lọ síwá sẹ́yìn, tí ó sì lè dojú kọ ìka mẹ́rin yòókù. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣin náà wúwo ju bí a ti rò lọ. Ní 1977, Cooney àti Chao, àwọn oníwàádìí ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé bí ènìyàn bá fi orí àtàǹpàkò àti ìka fún nǹkan pẹ̀lú agbára kílò 1, ohun tí yóò tẹ ìdí àtàǹpàkò tó kílò 12. Bí ó bá di nǹkan mú gírígírí, ó lè tó kílò 120. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, lórí egungun tí kò tó ẹyọ obì kan.

Orí àwọn egungun wọ̀nyí ní ìbòrí kan tí ó ń dán, tí ó sì ń yọ̀, tí kì í jẹ́ kí egungun ha egungun. Bí ìbòrí yìí bá jẹ tán, tí iṣan tí ó so egungun pọ̀ sì dẹ̀, ẹlẹ́ṣin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lórí gàárì, ìdí àtàǹpàkò yóò yọ gọngọ síta, ìrora yóò sì dé. Irú aromọléegun tí a ń sọ nìyí. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ni ó ń bá jà jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọ ọkùnrin sílẹ̀. Ní àwọn ilé ìwòsàn wa níhìn-ín, orúnkún ni a ń rí jù, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé àtàǹpàkò ní irú tirẹ̀. Wọ́n a pè é ní làkúrègbé, wọ́n a fi òrí pa á. A kò bá òrí jà. Ọwọ́ tí a fi ra ibi tí ó ń dunni a máa mú ara tuni, ṣùgbọ́n kò lè dá ìbòrí tí ó ti jẹ padà. Ohun kan sì yani lẹ́nu: àwòrán X-ray àti ìrora kì í rìn pọ̀ nígbà gbogbo. Ẹnìkan lè ní egungun tí ó ti bàjẹ́ gidi nínú àwòrán kí ó sì máa gún iyán rẹ̀ láìráhùn. Ẹ rántí èyí, nítorí a ó tún padà sí i.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀bẹ. Ohun ìdè tí ń gbé ìdí àtàǹpàkò dúró, eré ìdárayá tí ń fún iṣan ọwọ́ ní agbára, aṣọ tí a wé mọ́ èkù ọ̀bẹ kí ó lè tóbi lọ́wọ́, oògùn ìrora tí a fi ń pa ibẹ̀, àti nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ sínú oríkèé náà, èyí tí ó lè mú ara tuni fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò nílò ju èyí lọ. Oògùn ìrora tí a ń gbé mì ní ewu tirẹ̀ fún inú, fún kíndìnrín àti fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. A sọ èyí ní ọdún tí ó kọjá, a kò ní tún un sọ.

Bí gbogbo èyí kò bá ran ènìyàn lọ́wọ́, iṣẹ́ abẹ kàn. Ní 1949 ni dókítà Gervis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa yíyọ egungun trapezium kúrò pátápátá: bí gàárì bá ti bàjẹ́, ẹ tú u kúrò, kí ẹran líle tí yóò hù níbẹ̀ di tìmùtìmù fún ẹlẹ́ṣin. Ọ̀nà rírọrùn ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ń bẹ̀rù pé àtàǹpàkò yóò rì sínú àlàfo náà. Nítorí náà ní 1970 Froimson ká iṣan bí ẹní, ó fi dí àlàfo. Ní 1973 Eaton àti Littler kọ̀wé nípa fífi iṣan ṣe okùn tuntun tí yóò di oríkèé mú. Ní 1986 Burton àti Pellegrini pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà kan náà, Swanson ti fi rọ́bà tí a ń pè ní silicone rọ́pò egungun náà ní àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n rọ́bà náà a máa jẹ, èérún rẹ̀ a sì máa ba egungun tí ó yí i ká jẹ́, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì. Ní ilẹ̀ Faransé, láti àwọn ọdún 1970, de la Caffinière àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ń fi irin àti ike ṣe oríkèé àtọwọ́dá.

Èwo ni ó dára jù? Ní Nottingham, Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àtàǹpàkò 183 wé ara wọn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004: ti àwọn kan, egungun nìkan ni a yọ, ti àwọn kan, a fi iṣan dí i, ti àwọn kan, a fi iṣan so ó rọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan kò sí ìyàtọ̀ tí ó nílárí nínú ìrora tàbí nínú agbára ọwọ́. Àwọn àgbéyẹ̀wò Cochrane tí ó kó irú ìwádìí wọ̀nyí jọ, láti 2005 títí di ti 2015, kò rí ọ̀nà kan tí ó borí àwọn yòókù ní dídín ìrora kù. A sọ èyí nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ abẹ ọmọ ìlú wa kùnà nítorí pé wọn kò lo ọgbọ́n tuntun ń sọ ohun tí kò lè fi ẹ̀rí gbè.

Púpọ̀ nínú àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ fún ni ara ń tù. Nínú àwọn ìròyìn láti ilé ìwòsàn ńlá, nǹkan bí ènìyàn 2 sí 5 nínú 100 ni ó ń padà wá fún iṣẹ́ abẹ kejì. Ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016, ó tó bí 5 nínú 100, àwọn tí wọn kò tíì ju ẹni ọdún 55 lọ sì wà nínú àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ yóò lo ọwọ́ rẹ̀ ju ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lọ. Ti oríkèé onírin àti onírọ́bà àtijọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé àwọn 95 tí ó kù ni ara wọn le tán. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jẹ̀rora tí wọn kò padà wá, nítorí pé ó ti sú wọn, tàbí nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ilé. Kò sí ẹni tí ń kà wọ́n. Ọmọ ìlú wa ìbá ti wà lára wọn bí kò bá kọ lẹ́tà.

Ibi tí a wá dé yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe pé kí a tún iṣẹ́ abẹ ṣe tàbí kí a má tún un ṣe. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, níbo gan-an ni ó ti ń dùn ún, kí sì ni ó fà á?

Ó lè jẹ́ pé ìdí egungun àtàǹpàkò ti rì, tí ó sì ń gbá egungun ọrùn ọwọ́ tí a ń pè ní scaphoid. Èyí ni ọ̀pọ̀ dókítà kọ́kọ́ ń rò, nítorí pé ó hàn nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nípa àwòrán: ọ̀pọ̀ àtàǹpàkò ni ó rì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí kò sì dun olówó rẹ̀ rárá. Rírì nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ oríkèé àárín àtàǹpàkò ni ó ní wàhálà. Bí ìdí bá ti ń yẹ̀ fún ọdún púpọ̀, oríkèé àárín a máa tẹ̀ sẹ́yìn láti fi gbà á, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, yóò máa ti ìdí náà síta nígbàkígbà tí ènìyàn bá fún nǹkan. Ó lè jẹ́ pé aromọléegun wà láàrin scaphoid àti egungun tí ó gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọn kò sì wo ibẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ iṣan ìmọ̀lára kékeré tí ó gba orí ìdí àtàǹpàkò kọjá ni ọ̀bẹ kàn, tàbí tí àpá fún mọ́lẹ̀. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ a máa jó bí ata, aṣọ lásán kò gbọdọ̀ kàn án. Ó sì lè jẹ́ àrùn mìíràn pátápátá tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: iṣan ọrùn ọwọ́ tí ó wú nínú àpò rẹ̀, tàbí èyí tí a fún mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́ tí ń mú kí ìka kú tipiri ní òru.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe àrùn rárá: ìkánjú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, a máa ń de ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agbára rẹ̀ a sì máa padà díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹta sí ìkẹfà. Àwọn mìíràn kò rí àbáyọrí rẹ̀ tán títí ọdún kan fi pé. Ẹni tí ó ń bèèrè iṣẹ́ abẹ kejì ní oṣù karùn-ún, bí kì í bá ṣe pé oríkèé onírin rẹ̀ yẹ̀ tàbí pé ọgbẹ́ rẹ̀ rà, ń bèèrè rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí èkínní ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọgbọ́n kan tí àwọn dókítà ọwọ́ ń lò wú wa lórí. Bí wọn kò bá mọ ibi tí ìrora ti ń wá, wọn a fi abẹ́rẹ́ kékeré mú ibì kan kú fún wákàtí díẹ̀, wọn a sì ní kí aláìsàn fún nǹkan. Bí ìrora bá lọ, ibẹ̀ ni. Bí kò bá lọ, wọn a wá ibòmíràn ní ọjọ́ mìíràn. Kò gba owó púpọ̀, ó sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ọ̀bẹ tí a fi gé ibi tí kò ṣẹ̀.

Nígbà tí a bá mọ ohun tí ó fà á, ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ kejì tó ní orúkọ, nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Fún àtàǹpàkò tí ó rì, wọn a kó ẹran líle àpá kúrò, wọn a sì fi iṣan mìíràn ṣe ìjàǹjá tí yóò gbé e sókè, tàbí kí wọ́n fi okùn líle tí bọ́tìnì irin wéwẹ́ wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ so ó mọ́ egungun ìka ìlábẹ̀. Àwọn kan a gé díẹ̀ lára ohun rírọ̀ tí ó wà ní ìhà wọn a fi dí àlàfo náà. Oríkèé àárín tí ó ń tẹ̀ sẹ́yìn, wọn a lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ó má lè tẹ̀ mọ́. Oríkèé onírin tí ó tú, wọn a yọ ọ́ kúrò, wọn a yọ egungun trapezium pẹ̀lú, ìròyìn sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń rí ìtura tí kò jìnnà sí ti ẹni tí a yọ egungun fún ní ìgbà àkọ́kọ́.

Àbájáde rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí a rí ni pé ìrora a máa dínkù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí a tún un ṣe fún, ṣùgbọ́n kì í dínkù fún gbogbo wọn, kì í sì í sábà lọ pátápátá. Bí a bá fi àwọn tí a ṣe fún lẹ́ẹ̀kejì wé àwọn tí a ṣe fún lẹ́ẹ̀kan, àwọn ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ó rẹ̀yìn, nínú ìrora, nínú agbára àti nínú bí wọ́n ti lè lo ọwọ́ nílé. Agbára tí a fi ń fún nǹkan ni ó máa ń lọ́ra jù láti padà; àwọn kan kò rí i gbà mọ́. Àwọn tí ìdí ìrora wọn hàn gbangba, bí irin tí ó tú tàbí oríkèé àárín tí ó tẹ̀, ni ìrètí pọ̀ jù fún. Àwọn tí iṣan ìmọ̀lára wọn fara gbọgbẹ́ ni ó ṣòro jù láti ṣèlérí fún, nítorí pé ọ̀bẹ tuntun lè dá àpá tuntun sílẹ̀ lórí èyí tí ó ń dùn tẹ́lẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n tún padà wá fún ẹ̀ẹ̀kẹta.

A gbọ́dọ̀ fi èyí kún un pé àwọn ìwádìí wọ̀nyí kéré. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, àádọ́ta aláìsàn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà ń kà, wọ́n sì ń pa oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ pọ̀ sínú àpò kan. Nítorí náà, dókítà tí ó bá sọ fún yín pé nínú 100 òun ń wo 90 sàn ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé 100 wo ni. Èyí tí ó bá sọ pé, "A ó gbìyànjú láti dín ìrora yín kù, agbára lè má padà," òun ni kí ẹ fi ọwọ́ yín lé lọ́wọ́.

Nípa ti àwọn tí ń to eegun, a bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó níhìn-ín ni wọ́n to eegun wa nígbà tí a jábọ́ lórí igi máńgòrò ní èwe. Ṣùgbọ́n egungun tí a ti yọ kúrò kò sí níbẹ̀ mọ́ tí a ó tò. Fífa irú àtàǹpàkò bẹ́ẹ̀ lè já iṣan tí ó gbé e ró. Ohun tí a sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ní kí ó wá sílé nìyí, inú yín kò sì dùn sí wa ní ọjọ́ náà.

Ìmọ̀ràn tí a kọ ránṣẹ́ sí ọmọ ìlú wa ni pé kí ó má tíì gbà, kí ó má sì tíì kọ̀. A ní kí ó bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ dókítà rẹ̀: ibo ni ìrora ti ń wá, báwo ni ẹ ṣe mọ̀, kí ni ẹ ó ṣe bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ kò rí ohun tí ẹ rò? Ó lọ bèèrè. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ dán an wò ní ibi méjì. Wọ́n rí i pé àtàǹpàkò rì lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé oríkèé àárín tí ó ń tẹ̀ sẹ́yìn ni ó ń tì í, kò sì sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan oríkèé yẹn ní ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí èsì yẹn dé ni Ìgbìmọ̀ wa gba Ẹgbẹ́ ní ìmọ̀ràn láti san owó ilé náà. Oṣù mẹ́ta ni a fọwọ́ sí. Ó di oṣù márùn-ún. Akápò wa kò tíì gbàgbé, bí ẹ bá wo ojú rẹ̀ níbi tí ó jókòó sí ẹ ó mọ̀. Àwa ni a ṣì í ṣírò: a wo ìgbà tí a ó tú ohun ìdè kúrò, a kò wo ìgbà tí ọwọ́ yóò tó iṣẹ́.

Kí a tó sọ bí ó ti parí, ẹ jẹ́ kí a bẹ ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ wà lẹ́yìn odi ní ohun kan. Ẹnikẹ́ni tí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó gba ìwé tí dókítà kọ nípa ohun tí ó ṣe nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ó gba àwòrán X-ray rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì fi wọ́n pamọ́ bí ìwé ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oríkèé onírin ni, kí ó mọ orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó bá padà wálé tí ìrora sì dìde, dókítà egungun ní Ìgbóbì ní Èkó, ilé ìwòsàn tí a dá sílẹ̀ ní 1945, tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, kò lè mọ irú iṣan tí a ti lò àti èyí tí ó ṣẹ́kù bí kò bá rí ìwé náà. Ọ̀kan nínú wa ti ṣí ọwọ́ aláìsàn kan rí láti wá iṣan tí dókítà àkọ́kọ́ ti lò tán. Kò fẹ́ rántí ọjọ́ náà.

Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí tí wọ́n ti lẹ oríkèé àárín àtàǹpàkò ọmọ ìlú wa pọ̀, tí wọ́n sì fi iṣan gbé ìdí rẹ̀ sókè. Lẹ́tà rẹ̀ tí ó dé ní oṣù tí ó kọjá wà lọ́wọ́ wa. Ó ní òun ń sùn mọ́jú, ohun tí òun kò ṣe fún ọdún mẹ́ta. Ó ń yí kọ́kọ́rọ́, ó ń de bọ́tìnì, ó sì ń fi ẹ̀rọ ránṣọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí ó bá kọjá ọ̀sán, ìdí àtàǹpàkò a máa ro ó díẹ̀. Kò lè fún aṣọ tútù, kò sì lè fi àlùmọ́gàjí gé léèsì tàbí aṣọ òkè mọ́. Ó gba ọmọdébìnrin kan sí ọ̀dọ̀ láti máa bá a gé e, èyí tí ó gé èrè rẹ̀ kù. A bi í pé, bí ó bá mọ̀ pé báyìí ni yóò rí, ṣé yóò tún gbà? Ó ní òun yóò gbà nítorí oorun òru, kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Ó rán bùbá kan sí Akápò pẹ̀lú ọpẹ́. Ó sì ní kí a sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ní kí òun wá sílé pé òun ń bọ̀ ní ọdún Kérésìmesì yìí, ẹ lè bọ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa àtàǹpàkò òun.